Ta Ni Yóò Kọ́ Ilé Ìwòsàn sí Ìlú Kékeré?

Bí ènìyàn bá jáde ní Agbowó ní òwúrọ̀, tí ó gba Bódìjà kọjá, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, tí ó sì gba Ring Road yọ sí Challenge, yóò rí àkọlé ilé ìwòsàn aládàáni ní ọ̀tún àti ní òsì. Òmíràn jẹ́ ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, òmíràn jẹ́ ti ojú, òmíràn ti eyín, òmíràn sì jẹ́ ti aboyún àti ìbímọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti UCH, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, tí a sì ṣí lọ́dún 1957, kò jìnnà sí ọ̀nà yìí. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ring Road pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún gba Mọ́níyà lọ sí ìhà Ìsẹ́yìn, tàbí kí ó forí lé Èrúwà àti Igbó-Ọrà, yóò rí i pé bí ilé ṣe ń fọ́nká ni àkọlé wọ̀nyí ń dínkù. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀sì tàbí oníṣẹ́ ìlera kan tàbí méjì ní ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá di dandan, ìlú ńlá ni a ń sáré gbé aláìsàn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Ìbàdàn ti gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí ní òru: “Aboyún kan ti ń rọbí láti àná. A ti ń gbé e bọ̀. Ẹ bá wa wá ibi tí wọn yóò ti gbà á.”

Kí ló fà á? Àwọn kan a máa sọ pé ojúkòkòrò àwọn dókítà ni. Àwọn mìíràn a ní ìjọba ni kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Òótọ́ lè wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò tó láti ṣàlàyé ọ̀ràn náà. Ìdí ni pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn ìlú kékeré gan-an ni ó yàn láàyò, tí ó ń fi ilé ìwòsàn ṣòwò níbẹ̀, tí ó sì di ńlá nídìí rẹ̀. LifePoint ni orúkọ rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo bí ó ṣe dàgbà, ohun tí ó gbé e ró, àti ohun tí àwọn ìlú tí ó gbà á láyè rí gbà àti ohun tí wọ́n pàdánù. Lẹ́yìn náà ni a ó padà wá sílé, kí a lè mọ ohun tí ọ̀ràn náà fi kan ìjọ.

Ìjọ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀

Kí a tó kọjá sí òkè òkun, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá pé kí ilé ìwòsàn wà jìnnà sí ìlú ńlá. Ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, lọ́dún 1895. Ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1907, nígbà tí Dókítà George Green dé láti Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn yẹn ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lọ́dún 2009. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ni Wesley Guild tí ó wà ní Iléṣà.

Iṣẹ́ tí a ṣe níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Imẹsí-Ilé. Ó ń wọn àwọn ọmọ lóòrèkóòrè, ó sì ń ṣàmì ìwọ̀n wọn sórí káàdì, kí ìyá àti nọ́ọ̀sì lè tètè rí ọmọ tí kò dàgbà bí ó ti yẹ. Káàdì tí àwọn abiyamọ ń mú lọ sí ilé ìwòsàn káàkiri ayé lónìí ní gbòǹgbò nínú iṣẹ́ yẹn. Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ta ni ó ń sanwó iṣẹ́ wọ̀nyí? Àwọn aláìsàn ń san díẹ̀, ṣùgbọ́n ọrẹ àwọn ìjọ ní òkè òkun ni ó ń di ihò tí ó kù. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, bí àwọn bàbá wa ti máa ń sọ. Nígbà tí ọrẹ òkè òkun dínkù, tí oògùn àti irin iṣẹ́ sì ń wọ́n sí i, ẹrù náà wúwo. Wesley Guild bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ní àwọn ọdún 1970, ó sì di apá kan ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ifẹ̀. Kì í ṣe pé ìfẹ́ tán ní ọkàn àwọn tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ń san owó ni ó yí padà. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó máa bá pàdé títí dé òpin ọ̀rọ̀ wa.

Bí LifePoint ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1946, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí a ń fi orúkọ àwọn aṣòfin méjì pè, Hill àti Burton. Òfin náà fi owó ìjọba ran àwọn ìlú lọ́wọ́ láti kọ́ ilé ìwòsàn, pàápàá àwọn ìlú tí kò ní rárá. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn fi dé ọ̀pọ̀ ìlú àgbẹ̀ àti ìlú awakùsà. Ní ọdún 1965, òfin mìíràn dá Medicare sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65, ó sì dá Medicaid sílẹ̀ fún àwọn tálákà. Láti ìgbà náà, bí arúgbó kan bá ṣàìsàn ní ìlú kékeré, ilé ìwòsàn mọ̀ pé ìjọba yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn òfin náà, ní 1968, Dókítà Thomas Frist, ọmọ rẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Thomas Frist, àti oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Jack Massey, dá ilé iṣẹ́ HCA sílẹ̀ ní Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Massey ti wà lára àwọn tí ó sọ ilé oúnjẹ Kentucky Fried Chicken di ńlá. Ohun tí ó ti rí nínú òwò oúnjẹ ni pé ẹni tí ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lábẹ́ orúkọ kan lè ra ọjà ní ẹ̀dínwó, kí ó sì fi ìlànà kan náà darí gbogbo wọn. Èrò yẹn ni wọ́n mú wá sí ilé ìwòsàn.

HCA dàgbà kọjá ààlà. Lẹ́yìn tí ó dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Columbia lọ́dún 1994, ó tó ìgbà kan tí ilé ìwòsàn tí ó wà lábẹ́ wọn ju 300 lọ. Ṣùgbọ́n ní 1997, àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ wọ àwọn ọ́fíìsì wọn láti wádìí bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ Medicare àti àwọn ètò ìjọba mìíràn. Nígbà tí ọ̀ràn náà yóò fi parí, owó tí ilé iṣẹ́ náà san lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Nínú ìrúkèrúdò yẹn ni àwọn aláṣẹ tuntun ti pinnu pé kí wọ́n dín ilé náà kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọ́n ya ilé ìwòsàn 23 sọ́tọ̀, àwọn tí ó wà ní ìlú kéékèèké, wọ́n sì sọ wọ́n di ilé iṣẹ́ tí ó dá dúró. Bí a ṣe bí LifePoint nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: ilé ńlá kò ka àwọn ilé ìwòsàn 23 yìí sí ohun àmúyangàn. Èrè wọn kéré lójú ẹni tí ó ní ilé ìwòsàn ní àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ ni LifePoint fi kọ́ ilé. Ní ọdún 2005, ó ra ilé iṣẹ́ Province Healthcare, tí òun náà ń ṣe irú òwò kan náà, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.7 dọ́là, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì di nǹkan bí 50. Ní 2011, ó bá ètò ìlera Yunifásítì Duke dá iṣẹ́ pọ̀, kí orúkọ àti ìmọ̀ yunifásítì náà lè dé àwọn ìlú bíi Henderson ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ní ọdún 2018, àwọn olówó tí ń jẹ́ Apollo, tí wọ́n ti ni ilé iṣẹ́ ìwòsàn mìíràn tẹ́lẹ̀, ra LifePoint. Iye tí a fi ra á jẹ́ bílíọ̀nù 5.6 dọ́là pẹ̀lú gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Báwo ni èrè ṣe ń jáde ní ìlú kékeré?

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò bi wá léèrè pé, kí ni ó wà ní ìlú tí ènìyàn kò pọ̀ tí oníṣòwò fi lè rí èrè níbẹ̀? Ohun mẹ́rin ni a lè tọ́ka sí.

Èkíní ni pé ilé ìwòsàn LifePoint sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ìlú rẹ̀. Ní ìlú ńlá, ilé ìwòsàn mẹ́wàá lè máa du aláìsàn kan. Ní ìlú kékeré, ẹni tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kò ní ibòmíràn tí ó súnmọ́ ọn. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò pàápàá kò lè yẹra fún ilé ìwòsàn náà, nítorí àwọn ènìyàn wọn wà ní ìlú yẹn.

Èkejì ni dókítà. Kí LifePoint tó dé, ọ̀pọ̀ ará ìlú a máa wakọ̀ lọ sí ìlú ńlá fún àìsàn tí a lè wò nílé, nítorí pé kò sí dókítà eegun tàbí dókítà ọkàn ní ìtòsí. Ilé iṣẹ́ náà a wá dókítà bẹ́ẹ̀, a ràn án lọ́wọ́ láti fìdí kalẹ̀, a sì ra ẹ̀rọ tí yóò fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn aláìsàn bá dúró sílé, owó wọn náà dúró sílé.

Ẹ̀kẹta ni rírà ọjà pọ̀. Ilé ìwòsàn kan tí ó ní ibùsùn 80 kò lè dúnàádúrà púpọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ń ta ìbọ̀wọ́ tàbí oògùn. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn 50 bá sọ̀rọ̀ ní ohùn kan, olùtajà yóò gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀kẹrin ni ó ga jù, òun ni ó sì gbé àwọn mẹ́ta tí ó ṣáájú dúró: owó ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Medicare ń san ti àwọn arúgbó, Medicaid ń san ti ọ̀pọ̀ tálákà, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì ń san ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Òfin tí a ṣe ní 1986 kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn lé ẹni tí ó wà ní bèbè ikú padà nítorí àìlówó, ilé ìwòsàn sì ń pàdánù lórí àwọn tí kò ní ètò kankan. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ ní ẹni tí yóò san ti wọn, ìwé ìṣirò náà ń dọ́gba.

Àpẹẹrẹ kan ni ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ìlú tábà àti aṣọ híhun ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti ń kú lọ. Ní ọdún 2005, ìgbìmọ̀ tí ó ń darí ilé ìwòsàn ìlú náà, èyí tí kì í wá èrè, tà á fún LifePoint. Ìgbìmọ̀ náà kò ná owó náà ní ìnákúnàá. Wọ́n fi dá àjọ kan sílẹ̀, Danville Regional Foundation, pẹ̀lú nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là, láti máa ran ẹ̀kọ́, ìlera àti ìdàgbàsókè agbègbè náà lọ́wọ́. Àjọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni ìlú kan ṣe rí ẹni tí yóò gbé ẹrù ilé ìwòsàn, tí ó sì tún ní owó tí yóò wà fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Apá tí ó korò

Kò ní jẹ́ òótọ́ bí a bá dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó wá nítorí èrè lè lọ nítorí àdánù. Láti ọdún 2010 wá, ilé ìwòsàn tí ó ju 100 lọ ni ó ti kógbá sílé ní àwọn agbègbè ìgbèríko Amẹ́ríkà, ti aládàáni, ti ìlú àti ti àwọn aláàánú pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí kò gbà láti fa Medicaid gbòòrò kí ó lè kan àwọn tálákà sí i. Níbi tí ẹni tí ń sanwó ti dínkù, ilé ìwòsàn náà dínkù, ẹni yòówù kí ó ni ín.

Èkejì ni ti gbèsè. Nígbà tí olówó kan bá fi owó tí ó yá ra ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ tí a rà ni ó sábà máa ń san gbèsè náà. Owó tí ì bá ra ẹ̀rọ tuntun tàbí tí ì bá gba nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì a máa bá èlé lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ni ó jọ ṣe é. Lára àwọn tí wọ́n mẹ́nu bà ni ilé ìwòsàn Ottumwa ní ìpínlẹ̀ Iowa, tí ó wà lábẹ́ LifePoint. Ìròyìn náà sọ pé àwọn olówó rí èrè tiwọn nígbà tí iṣẹ́ ìtọ́jú ń rẹ̀yìn ní ìlú náà. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Èyí kò sọ pé kí ìlú má tà, tàbí kí ó má gba aládàáni láyè. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé ìwé àdéhùn ni odi ìlú. Ìlú tí ó bá tà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá ìgbẹ̀bí yóò wà ní ṣíṣí fún ọdún mélòó, pé ẹ̀rọ wo ni a ó rà kí ọdún wo tó pé, àti pé ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo bá wà, ẹni tí ó ni ín ní agbára lórí ẹ̀mí àwọn ènìyàn ju bí ẹni tí ó ni ilé ìtajà ṣe ní lọ.

Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò fi hù lọ́dọ̀ wa?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìbàdàn. Ní Nàìjíríà, nínú owó náírà 100 tí a ń ná lórí ìlera, ohun tí ó ju 70 lọ ń jáde tààrà láti àpò ẹni tí ó ń ṣàìsàn tàbí ti ìdílé rẹ̀. Níbi tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni kò lè ṣàì tẹ̀ lé àpò. Ó ń lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ yunifásítì àti oníṣòwò ńlá wà. Bódìjà nìyẹn, Ring Road nìyẹn. Ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, NHIS, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005, tún mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ sí i, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé.

Ẹ wá wo àgbẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní owó rárá. Àkókò tí owó náà ń wọlé ni kò bá àkókò àìsàn mu. Nígbà òjò, ẹ̀fọn pọ̀, ibà sì pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni owó ti wọ inú ilẹ̀ tán, tí irè kò sì tíì jáde. Dókítà tí ó bá ṣí ilé ìwòsàn sí abúlé yóò rí aláìsàn tí ó kún ẹnu ọ̀nà ní oṣù keje, kò sì ní rí owó gbà títí di oṣù kọkànlá. Bí ó bá ní àánú, yóò wọ gbèsè. Bí kò bá ní àánú, àwọn ènìyàn yóò sá fún un. Ní ọ̀nà méjèèjì, ilẹ̀kùn náà yóò tì.

Ǹjẹ́ a lè tún un ṣe? Ìpínlẹ̀ Kwara tí ó bá wa pààlà ti dán an wò. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ adójútòfò Hygeia, tí ó jẹ́ ti aládàáni, bá àjọ PharmAccess ti ilẹ̀ Netherlands àti ìjọba Kwara bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Shonga, ní ìhà odò Ọya. Ní 2009, ètò náà dé Afọ̀n ní ìtòsí Ìlọrin. Ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́dún. Owó láti ilẹ̀ Netherlands àti láti ọ̀dọ̀ ìjọba Kwara ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù. Ilé ìwòsàn aládàáni àti ti ìjọba ni ó ń tọ́jú àwọn ènìyàn náà, a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún yàrá àyẹ̀wò àti ìwé àkọsílẹ̀ wọn ṣe.

Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tí ó ní àrùn náà rọlẹ̀ ní agbègbè tí ètò náà dé ju ti agbègbè tí kò dé lọ. Àwọn ènìyàn kan náà ni, oko kan náà ni wọ́n ń lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a ti san owó kí wọ́n tó ṣàìsàn, nítorí náà wọn kò bẹ̀rù láti tètè lọ síbi ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, a dá ètò náà dúró láti fi ètò ti ìpínlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Owó àlejò kì í pẹ́ títí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọrẹ òkè òkun ní Iléṣà náà ni a tún rí ní Kwara.

Ohun tí ó kan ìjọ

Ní Iléṣà, ní Danville àti ní Afọ̀n, ohun kan náà ni a rí. Ilé ìwòsàn kì í dúró ní ìlú kékeré nítorí pé a ní ìfẹ́ nìkan, tàbí nítorí pé oníṣòwò gbọ́n. Ó ń dúró níbi tí a bá ti ṣètò ẹni tí yóò san owó kí àìsàn tó dé, tí ẹni náà kò sì jáwọ́. Bí ètò yẹn bá wà, ti ìjọ yóò dúró, ti ìjọba yóò dúró, aládàáni pàápàá yóò wá ọ̀nà débẹ̀. Bí kò bá sí, odi tí a fi òkúta dáradára mọ yóò di ibùgbé àdán.

Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí a ya ohun tí kò dín ní 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera tí ó ṣe kókó, ó sì kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn láti kọ ẹni tí ó wà nínú ewu pàjáwìrì. Òfin ti ọdún 2022, tí ó sọ NHIS di NHIA, sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA. Ṣùgbọ́n òfin kò lè lọ kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀ ní Ìgángán. Ìjọ lè lọ, nítorí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n ń dá èésú tàbí àjọ mọ ohun tí adójútòfò jẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú àjọ, olúkúlùkù yóò kó tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn kọlù ni yóò kó, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò sì dúpẹ́ pé kò kan òun. Bí àlùfáà bá ṣàlàyé èyí ní èdè tí ó yé àwọn ènìyàn, yóò mú ìfura kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Èkejì ni àsìkò. Àwọn ìjọ wa ní ìsìn Ìkórè, ìgbà yẹn sì ni owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Kò sí àkókò tí ó dára ju ìyẹn lọ fún ìforúkọsílẹ̀ àti ìsanwó ọdún kan. Kí ìjọ tí ó wà ní ìlú kékeré pe àwọn òṣìṣẹ́ OYSHIA wá ní ọ̀sẹ̀ náà. Kí apá kan nínú owó Ìkórè sì san ti àwọn opó àti arúgbó tí kò ní ẹnìkan.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí a wà ní Bódìjà, Agbowó àti Challenge. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ní òbí ní ilé. A máa ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tí ìpè òru bá dé, iye tí a ń ná ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo sì lè ju owó adójútòfò ọdún mélòó kan lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó lè kọ́ gbọ̀ngàn lè san ti igba ènìyàn lọ́dún. Nígbà tí igba bá di ẹgbẹ̀rún ní agbègbè kan, dókítà tí ń du aláìsàn pẹ̀lú ogún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ring Road yóò bẹ̀rẹ̀ sí ro ó bóyá kí òun ṣí ẹ̀ka sí ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti àwọn aláṣẹ ìjọ tí ilé ìwòsàn wà lábẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá wá láti rà á tàbí láti bá yín darí rẹ̀, ẹ rántí Danville, ẹ sì rántí Ottumwa. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Gbèsè ta ni ilé ìwòsàn yìí yóò máa san? Iṣẹ́ ìtọ́jú wo ni a kò gbọ́dọ̀ dá dúró láé? Owó tí a bá gbà, ìran wo ni yóò rí i? Bí ìdáhùn kò bá sí nínú ìwé àdéhùn, kò tíì sí ìdáhùn.

Aboyún tí a ń gbé bọ̀ ní òru kò ní bi wá bóyá ìjọ, ìjọba tàbí oníṣòwò ni ó ni ilé ìwòsàn. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí iná tàn níbẹ̀, kí dókítà wà ní ìdúró, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé. A kò lè ṣètò ìyẹn ní òru tí ó ń rọbí. Ọdún tí ó ṣáájú ni a ti ń ṣètò rẹ̀, ní ọjọ́ Ìkórè, nígbà tí ara gbogbo wa ṣì le.